OWÓ PÀJÁWÌRÌ: KÍ LÓ DÉ TÍ KÌ Í DÚRÓ LỌ́WỌ́ WA?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù. Ìgbìmọ̀ ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

    

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí ìyá mi fi gbé igbá èlùbọ́ lé mi lórí. Nítorí náà, ẹ má retí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu mi. Ohun tí ojú mi ti rí nínú ọjà ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ yìí.

Ìdí tí mo fi bẹ Alága pé kí wọ́n fún mi láyè lónìí rè é. Ẹ rántí arábìnrin wa tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ìlà kẹta, tó papò dà lọ́dún tó kọjá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Inú ló ń run ún. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń run ún, ó ń mu àgbo, ó ń lo oògùn tí àwọn oníkiri ń tà, ó sì ń tajà lọ. Òru Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, kí wọ́n lọ mú ₦150,000 wá kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ sáré títí ilẹ̀ fi mọ́, owó ò pé. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ọjà sílẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin dé ìsọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá Akọ̀wé, ẹ gbà wá."

Mo ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́. Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Owó ìkómọ wà níbẹ̀. Owó ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Owó ìṣílé wà níbẹ̀. Owó òkú wà níbẹ̀: ti òkú òbí, ti òkú ọkọ, ti òkú ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Àìsàn ò sí níbẹ̀. Mo sọ fún ọmọ náà pé ọwọ́ mi ò lè kan àpò ẹgbẹ́ àfi tí ìpàdé bá jókòó. Mo mú ₦5,000 nínú owó ara mi, mo fún un. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni owó tó pé. Kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọjọ́ Àìkú ló kú.

Ẹ wá gbọ́ o. Nígbà tó kú, a ò jókòó ìpàdé kankan. Lọ́jọ́ kejì ni Olùtọ́jú Owó ti gbé ₦100,000 jáde, nítorí òfin wí bẹ́ẹ̀. A dá aṣọ. A háyà bọ́ọ̀sì méjì. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ìwé, ₦245,000 ni ẹgbẹ́ yìí ná sórí òkú obìnrin tí a ò rí ₦150,000 ná sórí ìyè rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti dùn mọ́ mi lójú.

N ò sọ pé kí á má sin òkú wa o. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé, obìnrin tó tajà fún ọdún méjìdínlógún, tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ lọ́dọ̀ alájọ, kí ló dé tí kò ní ₦150,000 nílé? Ká má tan ara wa jẹ. Mélòó nínú wa tó jókòó síbí ló lè mú un jáde lálẹ́ òní, láìta ọjà lọ́pọ̀, láìyá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ẹ má nawọ́ o. Kí kálukú dá ara rẹ̀ lóhùn nínú ọkàn.

A KÌ Í ṢE ÀPÀ

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn obìnrin ọjà ò mọ owó pa mọ́, pé aṣọ àti ìnáwó ni wọ́n mọ̀. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń pa owó mọ́ tó wa. Alájọ ń kọjá lójoojúmọ́, à ń dá ₦500, à ń dá ₦1,000, òjò ìbáà rọ̀, ọjà ìbáà má tà. Ẹni tó bá dá ₦1,000 fún ọjọ́ 31, ₦31,000 ni. Alájọ mú ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, ó kó ₦30,000 fún un. Lẹ́yìn èyí, èésú tún wà. Lẹ́yìn èésú, àwọn mìíràn tún ń dá ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àṣàlátù, ti ẹgbẹ́ ọmọ ilé. Nítorí náà, ìpamọ́ kọ́ ni ìṣòro wa.

Ìṣòro wa ni pé gbogbo owó tí à ń pa mọ́ ló ti ní orúkọ kí ó tó dé. Èyí jẹ́ ti owó ilé ìwé. Èyí jẹ́ ti owó ilé. Èyí jẹ́ ti ọjà tí ọkọ̀ máa já lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí jẹ́ ti aṣọ ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Báyìí. Àìsàn nìkan ni kò ní àjọ. Iná nìkan ni kò ní àjọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé, wọ́n á bá gbogbo owó lójú iṣẹ́, kò sí èyí tó jókòó dè wọ́n. Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ṣùgbọ́n àwa ń tọ́jú owó fún ọ̀la tí a mọ̀, a ò tọ́jú fún èyí tí a ò mọ̀.

Ohun tó fà á pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÈKÍNÍ: A Ò MỌ ÈRÈ WA

Èyí ló tóbi jù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n fi èlùbọ́ tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní mo ra àpò èlùbọ́ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Ṣakí ní ₦60,000. Mo fi kóńgò wọ̀n ọ́n tà, mo pa ₦68,000. Ìdùnnú dé. Mo ní mo jèrè ₦8,000.

Ó dáa. Owó alábàárù ńkọ́? Owó ọkọ̀ tó gbé mi wá tó gbé mi lọ ńkọ́? Owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ọ̀rá, owó oúnjẹ tí mo jẹ ní ìsọ̀? Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,500. Èrè ti ku ₦4,500. Mo wá padà lọ bá àwọn ará Ṣakí, wọ́n ní àpò kan ti di ₦66,000. Owó àpò ti fi ₦6,000 lé, ₦4,500 ni mo sì jèrè. Láti ra àpò kan padà, mo ní láti wá ₦1,500 kún un láti ibòmíràn. Òfò ni mo tà, mo sì ti jẹun yó, mo ti fún ọmọ ní owó ọkọ̀, mo ti dá àjọ ọjọ́ náà. Níbo ni mo ti rí i? Inú owó òwò ni mo ti bù ú jẹ. Báyìí ni àpò márùn-ún ṣe ń di mẹ́rin, tí mẹ́rin ń di mẹ́ta, tí a sì ń sọ pé ayé ni ò dáa. Ayé ò dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò ka owó wa.

Gbogbo wa la rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 fún líta kan di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọkọ̀ ló ń gbé èlùbọ́, ọkọ̀ ló ń gbé tòmátì àti àlùbọ́sà láti òkè ọya. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn oníṣirò ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọjà fi 34 àti díẹ̀ nínú 100 wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ₦10,000 rà lọ́dún tó ṣáájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦13,500 tó lè rà á nígbà náà. Ẹni tó bá ń tà ní iye tó rà á tẹ́lẹ̀, tí kò wo iye tó máa fi rà á padà, ara rẹ̀ ló ń tà.

Ìgbà tí ẹni kan ò bá ní èrè, kí ló fẹ́ fi pamọ́? Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú yín pé ẹ ò mọ owó pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ èyí tí ó jẹ́ èrè lóòótọ́ àti èyí tí ó jẹ́ ẹran ara wa tí à ń gé jẹ.

ÈKEJÌ: ÀPÒ KAN NI GBOGBO OWÓ WÀ

Owó ọjà, owó ọbẹ̀, owó ọmọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò kan ṣoṣo tí a so mọ́ ìdí. Ọmọ dé, ó ní olùkọ́ ní kí àwọn mú owó wá, a bu. Aládùúgbò dé, a bu. Onígbànjo dé, a bu. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí owó ọjà parí sí tí ti ilé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba omi sínú ajẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé omi ò wọlé.

ÈKẸTA: ÒJÒ TÓ PA Ẹ̀BÍ PA WÁ PỌ̀

Ọ̀rọ̀ ẹbí yìí, n ò ní sọ ọ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ẹbí ló ń jẹ owó wa. Ẹ jẹ́ ká rántí pé nígbà àwọn ìyá wa, ẹbí gan-an ni ibi ìpamọ́. Bí o bá fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ní owó lónìí, ọjọ́ tí ó bá kàn ọ́, ìyá rẹ̀ á sáré wá. Owó náà ò ṣòfò, ó kàn wà lọ́wọ́ ènìyàn ni.

Ohun tó yí padà ni pé lásìkò yìí, ìyà náà ń bá gbogbo wa lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ti Èkó pa láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ta ló fẹ́ ya ta lówó? Nígbà tí epo wọ́n ní 2023, kò wọ́n fún ẹnìkan kó má wọ́n fún ẹnìkejì. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ẹni tí o fẹ́ sá tọ̀ lọ, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ tó ń wò ọ́ pé kí o bọ̀ wá ran òun lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ máa ṣe ẹbí o, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹbí nìkan ṣe ìpamọ́ mọ́.

ÈKẸRIN: GBÈSÈ TI GBA IPÒ ÌPAMỌ́

Gbọ̀mù-lé-lántẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù ni káàdì rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀ báyìí.

Ká ní wọ́n fún ọ ní ₦100,000, kí o máa san ₦5,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. ₦120,000 ni wàá san. Wàá ní, ah, ₦20,000 péré ni èlé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í san. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ìdajì owó náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, èlé rẹ̀ ò sì dín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ń bọ̀ wá gbowó, yálà ọjà tà tàbí kò tà, o gbọ́dọ̀ mú un wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ tó dúró fún ọ ni wọ́n á dá dúró sínú oòrùn. Àwọn kan ń yá ti ibì kejì láti fi san ti ibi kìíní. Èyí tó wà lórí fóònù tún burú jù, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ pé olè ni ọ́.

Ẹ gbọ́, owó yíyá fún ọjà tó máa yá tà, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó ọ̀sẹ̀ san owó ilé ìwòsàn, àìsàn náà á lọ, gbèsè á kù.

ÈKARÙN-ÚN: WỌ́N TI JÁ WA KULẸ̀

Alájọ sá lọ rí. N ò ní sọ ti ẹni tó sá lọ fún mi, ó ti pẹ́. MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn lójú ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn níbí, bí àwọn tó ń bínú ṣe ń kó ẹrù jáde. Kò sí òwò tó ń sọ ₦100,000 di ₦200,000 ní oṣù kan. Àwa tí à ń tajà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti jẹ lówó báyìí, á ní kí òun kúkú ná tòun.

ÌTÀN TÈMI

Kí ẹ má ba à rò pé ẹlòmíràn ni mo ń bá wí, ẹ gbọ́ tèmi. Ní ọdún 2019, ní aago méjì òru, bàbá àwọn ọmọ mi ṣubú ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ẹnu wọn wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo kó àjọ ₦90,000. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ₦4,000 ló kù níbẹ̀. Mo ti ra aṣọ ìgbéyàwó méjì, mo ti san owó kan tí mo jẹ, mo ti kún ọjà. Àpò èlùbọ́ méje wà ní ìsọ̀ mi. Mo ní ọrọ̀, mi ò ní owó. Ta ni yóò ra èlùbọ́ ní aago méjì òru?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ta àpò mẹ́rin fún ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú ọjà yìí, ó sì yọ ₦3,000 kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí ó rí ojú mi. Mi ò bínú sí i, ọjà ni. Ṣùgbọ́n ọdún méjì gbáko ni ó gbà mí kí n tó ní àpò méje padà. Bàbá wà láàyè, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọjà inú ìsọ̀ kì í ṣe owó pàjáwìrì. Ọjọ́ tí o bá ní láti tà á ni kò ní níye lórí.

Ẹni tó bá sì ní kí òun kó gbogbo rẹ̀ sínú kólò, kó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nílé, owó àtijọ́ ni, àwọn ọlọ́jà ò gbà á. Ẹni tí owó rẹ̀ wà ní báńkì, kò rí i gbà, àwọn oní-POS ń ta owó bí ẹni ń ta ata. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ pé kí á máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà. Ojú kan ṣoṣo kì í ṣe ibi tí à ń kó gbogbo owó sí.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ ohun tó ń jẹ́ pàjáwìrì. Àìsàn ni. Ìjàǹbá ni. Iná ni. Olè tó já ìsọ̀ ni. Ìjì tó ṣí páànù ilé ni. Owó ilé ìwé kì í ṣe pàjáwìrì. Oṣù Kẹsàn-án ò yé dé lọ́dọọdún. Owó ilé kì í ṣe pàjáwìrì. Kérésì kì í ṣe pàjáwìrì. Oṣù Kejìlá ló ti wà kí wọ́n tó bí ìyá wa. Iléyá ń yí kiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ kó tó dé. Aṣọ ẹbí kì í ṣe pàjáwìrì rárá, bí ó ti wù kí aṣọ náà dáa tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún pàjáwìrì ní orúkọ àti káàdì tirẹ̀. Bí o bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ, sọ fún un pé kó kọ káàdì méjì fún ọ: ₦800 fún èyí tí o mọ̀, ₦200 fún èyí tí o ò mọ̀. Lóṣù tó ní ọjọ́ 31, nígbà tí alájọ bá mú tirẹ̀ tán, ₦6,000 ni ti káàdì kejì. Kó o lọ sí báńkì lọ́jọ́ tí o bá gbà á, kí ó má sun ilé rẹ. Ọdún kan, ó ti lé ní ₦70,000. Kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń wá ₦150,000 àti ẹni tó ń wá ₦80,000 lóru. Bí a bá da omi síwájú, a ó tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀kẹta, ẹ lo àpò méjì nídìí. Ọ̀kan ti ọjà, ọ̀kan ti ilé. Ẹ san owó iṣẹ́ fún ara yín lójúmọ́ bí ẹni tó gba ọmọ iṣẹ́. Ohun tí ó bá kọjá ìyẹn, ọjà ló ni ín.

Ẹ̀kẹrin, nípa báńkì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù. Àjọ ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní NDIC. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n sọ pé bí báńkì ńlá bá wó, ẹni tó ní owó níbẹ̀ á gba tirẹ̀ padà títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ti báńkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance, mílíọ̀nù méjì. Nígbà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ Heritage Bank ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, NDIC ló ń san owó fún àwọn oníbàárà wọn. Alájọ ò ní NDIC. Ẹni tó sọ fún ọ pé kí o fi owó sórí fóònù kó di ìlọ́po méjì, òun náà ò ní. Nítorí náà, ẹ má fi owó pẹ́ lọ́dọ̀ alájọ ju oṣù kan lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni ètò ìlera ìjọba. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀, Èkó náà ní tirẹ̀, owó kan ni à ń san lọ́dún kí a tó ṣàìsàn. Mo ti bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n pe àwọn tiwa níbí wá kí wọ́n fẹnu ara wọn ṣàlàyé fún wa.

ÀPÓTÍ TÍ MO Ń BẸ YÍN FÚN

Níkẹyìn, ohun tí mo torí rẹ̀ dìde. Àwa 84 ni orúkọ wa wà nínú ìwé. Bí kálukú bá mú ₦500 wá lọ́sẹ̀, ₦42,000 ni lọ́sẹ̀ kan, ₦168,000 ni lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹn ni pé láàárín oṣù kan, owó iṣẹ́ abẹ tó pa arábìnrin wa á ti wà nílẹ̀, kò sì ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni títí tí ẹni tó nílò rẹ̀ á fi dé.

Òfin tí mo kọ sílẹ̀ rè é, ẹ tún un ṣe bí ẹ bá fẹ́. Àìsàn àti ìjàǹbá ọmọ ẹgbẹ́, ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ nìkan ni. A ò ní fún ẹnikẹ́ni ju ₦100,000 lọ. Ẹni tó bá gbà á, á dá a padà láìsí èlé, ₦2,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 40, lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Inú báńkì ni owó máa wà, ẹni mẹ́ta ló máa fọwọ́ sí i, méjì nínú wọn sì lè gbé e jáde lọ́jọ́ kan náà, òru tàbí ọ̀sán, láìpe ìpàdé. Èmi ò ní wà nínú àwọn mẹ́ta náà, nítorí èmi ni màá máa kọ ìwé rẹ̀. Ní gbogbo ìpàdé ni màá máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sókè ketekete.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní owó ọ̀sẹ̀ ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á dín owó aṣọ ẹgbẹ́ kù: dípò aṣọ méjì lọ́dún, kí á dá ẹyọ kan. Wọ́n á ní bí ẹnì kan ò bá dá a padà ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ń fún òkú ní owó tipẹ́, kò sí èyí tó dá a padà rí, a ò sì bínú.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lé e lórí. Ẹni tó bá faramọ́ ọn, kó nawọ́. Ẹni tí kò bá faramọ́ ọn, kó sọ ìdí rẹ̀, a ò ní jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá, ẹ lọ ronú nípa ọmọ tó kúnlẹ̀ ní ìsọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ náà ń ta ẹja níbi tí ìyá rẹ̀ ń tà á, ó ń kí mi lójoojúmọ́, "Màmá Akọ̀wé, ẹ kú àárọ̀." Kò sọ nǹkan kan mọ́ mi rí. Bí ó bá tún kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, tàbí tí ọmọ tèmi kúnlẹ̀ níwájú ẹlòmíràn, mo fẹ́ kí ìwé ẹgbẹ́ yìí ní ìdáhùn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí á rí pàjáwìrì. Bí ó bá sì dé, kò ní bá wa lọ́wọ́ òfo. Ọjà á tà, èrè á wọlé, a ó sì rí i mú sílé.